Akọ Edé, Abo Edé: Kí Ẹ Tó Na Owó Yín

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe lórí kòkó. Ó ju ẹni mẹ́ta lọ tí ó ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá owó láti fi sin edé ńlá nínú adágún ẹja, nítorí wọ́n rí iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ bi wọ́n pé akọ mélòó, abo mélòó ni wọ́n fẹ́ rà, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ṣebí edé ni gbogbo wọn?” Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ẹni tí ó ń sin adìẹ mọ̀ pé àkùkọ kan tó fún àgbébọ̀ bíi mẹ́wàá. Ẹni tí ó ń sin ìgbín kò ní wàhálà yìí, nítorí ìgbín kọ̀ọ̀kan jẹ́ akọ, ó tún jẹ́ abo. Edé fi ìwà jọ adìẹ: akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀.

Edé tí à ń wí ni edé odò ńlá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii, tí ó wà nínú àwọn odò láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà. Kì í ṣe edé wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí à ń dà sí ọbẹ̀.

Bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ gígùn méjì tí ó fi ń jà. Ti akọ tí ó ti dàgbà máa ń gùn, ó sì máa ń nípọn. Ti abo kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ́ ìrù abo fẹ̀, èèpo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wá sísàlẹ̀ bí ẹni ta ìborùn, kí ó lè rí àyè gbé ẹyin sí. Bí ẹ bá ti rí ẹyin lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, abo ni.

Akọ kékeré kò tíì ní ọwọ́ ńlá, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni ó ní lápá kọ̀ọ̀kan, bí a bá ka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ihò tí àtọ̀ akọ ń gbà jáde wà ní ìdí ẹsẹ̀ karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn. Ihò ẹyin ti abo wà ní ìdí ẹsẹ̀ kẹta. Gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ má fi títóbi nìkan ṣe ìdájọ́. Nínú edé odò tiwa, akọ ló ń tóbi jù. Nínú edé pupa kéékèèké tí ó wá láti Taiwan, tí wọ́n ń tọ́ sínú àpótí gíláàsì fún ìwòran, abo ló tóbi jù, òun náà ló sì pupa jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa tọ́ irú èyí rí ní Èkó. Nígbà tí ó fẹ́ ra edé odò, ó ṣa àwọn tó tóbi jù pé abo ni wọ́n. Akọ ni gbogbo wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fa ara wọn ya.

Ní ti iye, ó kù sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ẹ fẹ́, akọ kan fún abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ìdí rẹ̀ ni pé abo kì í gba akọ àfi nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Akọ á dúró tì í, á máa lé àwọn yòókù. Bí akọ bá pọ̀ jù, ìjà ni wọn ó máa jà, ẹni tí èèpo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni wọn ó sì jẹ. Bí ó bá jẹ́ títà fún jíjẹ ni, akọ ló lérè jù, nítorí abo ń fi oúnjẹ rẹ̀ ṣe ẹyin. Nínú irú ti Éṣíà, èyí tí wọ́n ń sìn jù láyé, àwọn akọ ńlá máa ń dá àwọn akọ kékeré dúró; bí a bá kó àwọn ńlá tà, àwọn kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ní Ísírẹ́lì, Amir Sagi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ben-Gurion tilẹ̀ ti wá ọ̀nà tí gbogbo ọmọ edé yóò fi jẹ́ akọ.

Ibi tí owó ti lè ṣòfò jù nìyí. Abo edé lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin, ẹyin náà á sì pa, síbẹ̀ kí ọmọ kankan má yè. Omi tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ọmọ edé odò nílò, irú èyí tó wà níbi tí odò ti ń pàdé òkun. Shao-Wen Ling ló rí àṣírí yìí ní Màléṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lára irú ti Éṣíà. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ìdídò Diama lórí odò Sẹ̀nẹ̀gà ní 1986, abo kò rí ọ̀nà lọ sí omi iyọ̀ mọ́, ọmọ kò sì rí ọ̀nà padà sókè. Edé dínkù, ìgbín omi tí edé ń jẹ pọ̀ sí i, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ará ibẹ̀.

Òkè ni àwa wà ní Ìdànrè, omi wa kò níyọ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, kí ìgbìmọ̀ má yá ẹnikẹ́ni lówó láti ra akọ àti abo pé wọn ó bímọ nínú adágún níhìn-ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọmọ edé láti ìsàlẹ̀, níhà Ìlàjẹ, kí ó tọ́ wọn dàgbà, kí ó sì tà wọ́n, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣeé gbọ́. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn onímọ̀ ẹja ní FUTA ní Àkúrẹ́.

Bí ẹni tí ń tà á bá sì bù kún owó abo tó gbé ẹyin, pé ẹ óò rí ọmọ lára rẹ̀, ẹ má san án. Iye tí edé jíjẹ ń lọ ni kí ẹ san. A óò gbé edé mẹ́fà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, akọ mẹ́ta, abo mẹ́ta, kí olúkúlùkù lè dá wọn dùbúlẹ̀ wò.