Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Iṣẹ́ Tó Mú Dírílì Lọ́wọ́

Ìwọ ọmọ iṣẹ́, gbé dírílì yẹn sílẹ̀ ná. Láti àárọ̀ ni bíìtì kan ṣoṣo ti wà lẹ́nu rẹ̀: o fi lu pákó, o fi lu irin, o tún fẹ́ gbé e sí ògiri oníbàárà. Owó bíìtì ń dùn mí lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ tó ń bàjẹ́ ló dùn mí jù. Gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

1. Da gbogbo bíìtì inú àpótí rẹ sílẹ̀, kí o wo imú wọn. Ti irin ṣe ṣónṣó níwọ̀nba, etí rẹ̀ méjèèjì sì mú. Ti igi ní ẹ̀gún kékeré láàárín orí, òun ló ń kọ́kọ́ wọnú pákó kí bíìtì má baà sá kúrò lójú àmì. Ti ògiri ní kábáìdì, ìyẹn irin líle kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn lórí, tó fẹ̀ ju ara bíìtì lọ díẹ̀. Fọwọ́ kàn án: kò mú. Kò sì yẹ kó mú, torí kì í gé nǹkan, ṣe ló ń fọ́ ọ. Bí o bá gbé e lé irin, yóò kàn máa gbóná lásán ni. Bí o bá sì gbé ti irin lé kọnkéré, kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu rẹ̀ ti lọ.

2. Ohun tó ń jáde nínú ihò ni kí o máa wò. Bí bíìtì bá ń jẹ irin dáadáa, irin náà á máa ká jáde lọ́tùn-ún lósì bí èèpo ọsàn tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ bó. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ti ń jáde, etí méjèèjì kò dọ́gba, ihò náà yóò sì tóbi ju bíìtì lọ. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló ń dà, bíìtì ò mú mọ́, bó ti wù kí o tẹ̀ ẹ́ tó. Irin dídà nìkan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dúrọ́ọ̀mù bíréèkì, ló máa ń dà lẹ́búlẹ́bú bí bíìtì tilẹ̀ mú. A kì í da ọ́ìlì sí ìyẹn.

3. Irin lásán, irin gẹ́ètì àti ańgù, bíìtì tí wọ́n kọ HSS sí nídìí ló tó o. Kọ́kọ́ fi púńṣì sàmì síbẹ̀ kó jìn díẹ̀. Bí bíìtì bá ṣe ń sanra sí i ni kí eré rẹ̀ máa dínkù: èyí tó jẹ́ mílímítà 3 lè yí tó nǹkan bí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n mílímítà 10, nǹkan bí 900 ti tó o. Ìwọ, gbogbo wọn lo ń tẹ bọ́tìnnì fún dé ìsàlẹ̀. Ihò ńlá, fi bíìtì kékeré la ọ̀nà fún un ṣáájú, kí o sì máa kán ọ́ìlì sí i.

4. Stéènlẹ́ẹ̀sì lọ́gbọ́n tirẹ̀, òun ló sì ń jẹ bíìtì yín jù lẹ́nu iṣẹ́ irin àtẹ̀gùn. Bí bíìtì bá ń ha á láìjẹ ẹ́, ojú ibẹ̀ á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó o bá sì gbé dé lẹ́yìn náà á kàn máa dán an ni. Dín eré kù, tẹ̀ ẹ́ gidi, má ṣe jẹ́ kó sinmi lójú kan, kí ọ́ìlì má sì tán níbẹ̀. Bíìtì kóbáàtì ni kí o lò. Èyí tí wọ́n kọ M35 sí nídìí ní kóbáàtì bí ìdá 5 nínú 100, èyí tí wọ́n kọ M42 sí ní bí ìdá 8. Imú rẹ̀ sábà máa ń tẹ́ ju ti lásán lọ, dígírì 135 dípò 118. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá fi bíìtì aláwọ̀ wúrà hàn ọ́ pé kóbáàtì nìyẹn, má dá a lóhùn kí o tó ka ìdí rẹ̀. Àwọ̀ wúrà yẹn, títéníọ̀mù tí wọ́n fi bò ó lójú lásán ni. Ọjọ́ tó o bá kọ́kọ́ pọ́n ọn ló ti kúrò ní imú rẹ̀.

5. Alumíníọ̀mù rọ̀, HSS náà la fi ń lù ú, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara bíìtì. Kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i.

6. Igi arère àti ìrókò kì í ṣe ẹgbẹ́. Àwọn àgbà ní nǹkan ń gbé inú ìrókò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣùgbọ́n èyí tó dá mi lójú ni òkúta. Igi yẹn máa ń ní òkúta funfun nínú, ẹfun líle tó di gẹdẹgbẹ. Bí bíìtì bá ṣàdédé han, tí ohun tó ń dà sì funfun, fà á jáde, kí o sún síbòmíràn. Ihò ìdè ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, bíìtì Forstner mílímítà 35 ni tirẹ̀. Pákó yòówù kó jẹ́, gbé àfọ́kù pákó sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀yìn má baà ya.

7. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò fi gbogbo ìgbà nílò hámà, ìyẹn gbígbá tí dírílì ń gbá bó ṣe ń yí. Inú rẹ̀ ṣófo. Bí o bá fi hámà gbá a, ẹ̀yìn ihò á fọ́, fíṣà, ìyẹn ike tí síkúrù ń wọ̀, á sì máa yí lásán. Kọnkéré ló nílò hámà. Fíṣà 6, bíìtì 6. Fíṣà 8, bíìtì 8. Má ṣe lu tààrà lókè tàbí nísàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì, wáyà ń gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ òpó, tí bíìtì ń jó lójú kan, tí irin tó ń dán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú eruku, irin tó gbé ilé ró lo kàn yẹn. Fi í sílẹ̀, sún ihò rẹ.

8. Táìsì: pa hámà títí bíìtì yóò fi kọjá rẹ̀ wọ ògiri. Lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kí bíìtì má baà yọ̀. Táìsì lásán gba bíìtì imú ọ̀kọ̀. Pọ́síléènì, bíìtì oníhò tó ní dáyámọ́ńdì létí ni, pẹ̀lú omi. Dígí náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí tí wọ́n ti fi iná mú le, má dán an wò, wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀ á fọ́.

9. Bọ́ ìbọ̀wọ́ aṣọ yẹn. Bí bíìtì bá gbá a mú, ìka rẹ ló máa tẹ̀ lé e. Awò ojú ni kí o wọ̀.

10. Bí owó ò bá tíì tó, ra HSS mílímítà 3, 4, 6, 8 àti 10 ná, pẹ̀lú ti ògiri 6 àti 8. Ra 3 àti 4 ní méjì-méjì, torí àwọn ló ń ṣẹ́.