Sí Àbẹ̀kẹ́, nídìí ẹ̀rọ rédíò

Ìfàkì-Èkìtì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ sí mi létí. Mo yọ̀ pé o ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, àmọ́ mo gbọ́ pé inú rẹ ò dùn, nítorí ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ọ́ sí, tí wọn ò tíì jẹ́ kí o dé ìdí gbohùngbohùn. Má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ti Benson Idonije fún ọ.

Ọmọ Otuo ni, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní; ọdún 1936 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, NBC, bí àwọn ọdún 1950 ti ń parí lọ, ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n fi òun náà sí. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ẹ̀ka ètò, tó wá ń ṣe olóòtú ètò orin jáàsì. Ètò yẹn ló jẹ́ kí Fẹlá wá a lọ nígbà tó ti London dé ní 1963. Ọ̀rẹ́ wọn wọ̀ débi pé Idonije ló kọ́kọ́ ṣe máníjà fún un, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa pe orin kan ní Afrobeat. Ọdún tó pé ẹni ọgọ́rin ọdún ni ìwé rẹ̀, Dis Fela Sef!, jáde, ní 2016. Burna Boy tó gba Grammy ní 2021, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Etí Idonije ni mo fẹ́ kí o ní. Ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ayé ìsinsìnyí, orin á ti dé ìdajì kí wọ́n tó dákẹ́, á sì parí láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ ẹni tó lu ìlù rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Mélòó nínú àwọn tó ń jó sí orin Fẹlá ló mọ Tony Allen, tó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ìlù yẹn ró fún ọ̀pọ̀ ọdún? Bí wọ́n bá fún ọ ní gbohùngbohùn lọ́la, dárúkọ àwọn onílù, dárúkọ àwọn elégbè, kí o sì jẹ́ kí orin parí.

Àwa náà ní tiwa ní Èkìtì. Elemure Ogunyemi fi èdè wa kọrin, àwo rẹ̀ sì wà ní yàrá mi. Àmọ́ orin tí àwọn ìyá ń kọ níbi òkú àgbà, láti Ìfàkì títí dé Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, mélòó ló wà lórí téèpù? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lórí kú báyìí, ó tán nìyẹn. Ìwọ tí wọ́n ń kọ́ ní bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ ni.

Mo ti bá méjì nínú àwọn ìyá náà sọ ọ́, wọ́n sì gbà. Bí o bá ń bọ̀ nígbà Kérésìmesì, mú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dání, kí o ra bátìrì tó pọ̀. Iná wa ò ṣeé gbọ́kàn lé. Béèrè orúkọ ẹni tó dá orin kọ̀ọ̀kan, agboolé rẹ̀, àti ẹni tó kọ́ wọn ní orin náà, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó kúrò níwájú wọn. Àárọ̀ ni kí o lọ, ohùn wọn máa ń há bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ