Rehabilitation Counseling: Iṣẹ́ Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Níbi Tí Iṣẹ́ Dókítà Parí Sí

Ká sọ pé bíríkìlà kan wà tó ti ń mọlé fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan, ó já bọ́ láti òkè ilé tó ń mọ, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì yè é. Wọ́n tún kọ́ ọ bó ṣe máa lo kẹ̀kẹ́ arọ.

Ọsibítù ti ṣe tiẹ̀. Àmọ́ nígbà tó délé, àwọn ìbéèrè tó kù kò sí nínú ìwé tí dókítà kọ fún un: Iṣẹ́ wo ni màá máa ṣe báyìí? Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èmi náà ṣì ni baálé ilé?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an ni láti jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jọ wá ìdáhùn. Orúkọ iṣẹ́ náà ni rehabilitation counseling. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lójú àánú ló ń ṣe é o. Oyè Masters ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, àti ìdí tí ẹ̀kọ́ náà kò fi rọrùn.

Níbo ni iṣẹ́ yìí ti wá?

Ogun ló bí i. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà padà sílé láìlẹ́sẹ̀, àwọn míì kò ríran mọ́. Ní 1918, ìjọba ṣe òfin láti kọ́ wọn níṣẹ́ tuntun. Ní 1920, òfin mìíràn, Smith-Fess Act, mú irú ìrànlọ́wọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú tí kì í ṣe sójà.

Àmọ́ ta ló máa ṣe iṣẹ́ náà? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹ̀kọ́ yunifásítì kan pàtó tó wà fún un káàkiri. Kálukú ń ṣe é bó ṣe yé e. Ọdún 1954 ni nǹkan yí padà. Mary Switzer, obìnrin tó ń darí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, sapá gidi títí òfin tuntun fi jáde, Ààrẹ Eisenhower sì buwọ́ lù ú. Òfin náà fún àwọn yunifásítì lówó kí wọ́n lè máa dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀kọ́ Masters rẹ̀ ṣe tàn ká nìyẹn.

Ní 1973, Rehabilitation Act tún dé. Apá 504 nínú rẹ̀ sọ pé ilé-ìwé tàbí iléeṣẹ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí àìlera. Ní 1974, wọ́n dá ìgbìmọ̀ CRCC sílẹ̀, òun ló ń fún àwọn tó bá yege nínú ìdánwò iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí CRC.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an?

Ẹni tó bá ti ní oyè àkọ́kọ́ ló lè wọlé, ì báà jẹ́ nínú psychology, ẹ̀kọ́ olùkọ́ tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn. Ètò tí CACREP fọwọ́ sí máa ń jẹ́ credit 60, nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. CACREP ni ẹgbẹ́ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ àwọn olùgbaninímọ̀ràn wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

1. Ìmọ̀ nípa ara àti àìsàn. Wọn kì í sọ wọ́n di dókítà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ lè ka ìwé dókítà kó yé wọn. Ẹ wo eegun ẹ̀yìn. Tí okùn inú rẹ̀ bá bàjẹ́ níbi ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti bàjẹ́, ẹsẹ̀ ló máa kàn, ọwọ́ á ṣì lágbára. Ẹni méjì tó ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kan náà lè ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n tún ń kọ́ nípa àwọn àìlera tí ojú kì í rí, bíi wárápá àti àìsàn ọpọlọ, tó lè lọ lónìí kó padà lọ́la.

2. Ìmọ̀ nípa ọkàn àti àwùjọ. Ọ̀kan nínú ohun tó dára jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ohun tí Beatrice Wright kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1960. Ó pè é ní "spread". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí a bá rí àìlera kan lára èèyàn, ọkàn wa máa ń na àìlera náà dé ibi tí kò dé. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń pariwo bá afọ́jú sọ̀rọ̀ rí, bí ẹni pé etí rẹ̀ náà di? Àbí ẹni tó ń bi ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ léèrè pé, "Kí ló fẹ́ jẹ?" nígbà tí ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ lẹ́nu tirẹ̀? Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Ẹ tún wo èdè tiwa: "aláàbọ̀ ara". Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́, a wá sọ gbogbo ara di àbọ̀! Abájọ tí àwọn kan fi ń sọ pé "àkàndá ẹ̀dá" ló yẹ ká máa lò.

3. Ọgbọ́n ìgbaninímọ̀ràn. Nílé wa, tí wọ́n bá ní kí àgbà gba èèyàn nímọ̀ràn, àgbà á sọ̀rọ̀, ọmọ á gbọ́. Níbí, òdì kejì rẹ̀ ni. Olùgbaninímọ̀ràn ló ń gbọ́ jù. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ló ní ẹ̀tọ́ láti yan iṣẹ́ tó wù ú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un.

4. Ìmọ̀ nípa iṣẹ́ àti ọjà iṣẹ́. Ibí ni ẹ̀kọ́ yìí ti yàtọ̀ sí ti àwọn olùgbaninímọ̀ràn yòókù. Wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú iṣẹ́ kan palẹ̀ láti rí àwọn ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Bíríkìlà wa yẹn, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù nìkan ló mọ̀ ọ́n tò. Ó lè ka plánì ilé. Ó lè ṣírò iye àpò sìmẹ́ńtì tó máa tó yàrá mẹ́ta. Ó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́. Nítorí náà, ó lè máa ṣírò owó ilé fún kọngilá, ó lè di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó lè máa ta ohun èlò ìkọ́lé. Ẹsẹ̀ lọ, àmọ́ ogún ọdún ìmọ̀ kò lọ.

5. Ìdánwò, ìwádìí àti òfin iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dán agbára èèyàn wò láìrẹ́ ẹ jẹ, bí wọ́n ṣe ń ka ìwádìí, àti bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́.

Kíláàsì nìkan ò tó

A kì í fi ẹnu kọ́ ìlù lílù. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà CACREP, akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ ṣe practicum, ó kéré tán wákàtí 100, níbi tí wákàtí 40 ti gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ fúnra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni internship, wákàtí 600, tí 240 nínú rẹ̀ jẹ́ ojúkojú. Ní gbogbo àkókò yìí, àgbà nínú iṣẹ́ á máa bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó lè gba ohùn ìjíròrò sílẹ̀, tí ẹni náà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí àgbà náà gbọ́ ọ, kó sì bi í pé: "Kí ló dé tó o fi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu níbí?" Kì í dùn mọ́ni, àmọ́ ibẹ̀ lẹ̀kọ́ wà.

Lẹ́yìn ìdánwò CRC náà, ìwé kíkà kò tán. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún ìwé ẹ̀rí náà gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ṣe ẹ̀kọ́ wákàtí 100 láàárín ìgbà náà tí wọn ò bá fẹ́ tún ìdánwò ṣe.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ?

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe é. Tẹ́nì kan bá kọ̀wé béèrè, wọ́n ní ọjọ́ 60 láti sọ bóyá ó yẹ lẹ́ni tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́. Tó bá yẹ, wọ́n ní ọjọ́ 90 láti jọ kọ ètò sílẹ̀: iṣẹ́ tó ń lé, ẹ̀kọ́ tó máa kọ́, irinṣẹ́ tó nílò, ẹni tó máa sanwó. Kódà lẹ́yìn tó bá ríṣẹ́, wọn ò tíì pa fáìlì dé. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọjọ́ 90, ó kéré tán. Àwọn míì ń ṣiṣẹ́ yìí ní ọsibítù, ní yunifásítì, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun.

Kí ló dé tí gbogbo ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí fi pọ̀ tó báyìí?

Ìtàn Ed Roberts ló máa dá wa lóhùn. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí àrùn pólíò mú un ní 1953. Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, agbára káká ló fi lè mi ìka díẹ̀, inú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń bá a mí ló sì ń sùn. Nígbà tó fẹ́ lọ sí yunifásítì, ó lọ béèrè owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì rehabilitation ti California. Counselor tó dá a lóhùn ní àìlera rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kò lè ṣiṣẹ́ láéláé, kò sì ní bọ́gbọ́n mu láti náwó lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ dé inú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó yí ìpinnu náà padà. Roberts wọ yunifásítì ní Berkeley ní 1962, ó gba oyè àkọ́kọ́, ó gba Masters. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Gómìnà Jerry Brown wá yàn án sípò. Ipò wo? Olùdarí ọ́fíìsì rehabilitation ti California, ọ́fíìsì yẹn kan náà tó ní kò lè ṣiṣẹ́!

Ẹ rí i báyìí pé agbára ń bẹ lọ́wọ́ counselor. Gbólóhùn kan látẹnu rẹ̀ lè ṣílẹ̀kùn, ó sì lè tì í. Nígbà tí counselor yẹn wo Roberts, "spread" ló fi wò ó: ó rí ara tí kò lè mira, ó sì parí èrò sí pé ọpọlọ náà kò lè ṣe nǹkan kan. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí tẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú mọ́ èèyàn gidi, kí wọ́n tó fi fáìlì ẹnikẹ́ni lé wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ńkọ́?

Ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípasẹ̀ RSA. Àmọ́ gbèsè wà níbẹ̀: ọdún kan tí wọ́n bá fi owó náà kẹ́kọ̀ọ́, ọdún méjì ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ san án padà. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ló sì wà fún. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ wá owó níbòmíràn, bíi kó máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ẹ tún rántí pé CRC yàtọ̀ sí láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wádìí kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Nílé níbí, Federal College of Education (Special) wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá. Ní oṣù kìíní 2019, wọ́n buwọ́ lu òfin tó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba gbìyànjú láti fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ààyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún àkàndá ẹ̀dá. Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Àmọ́ òfin kò lè jókòó ti èèyàn lórí àga nílé, kó bi í pé: "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Kí ló wù ẹ́ láti ṣe? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Èèyàn ló ń bèèrè ìyẹn, ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀, tó sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn.