Ẹ Má Yọ Orúkọ Ọmọ Iṣẹ́ Yín Kúrò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin sídìí ẹja yíyan, ọkọ̀ kíkàn àti ẹ́ńjìnnì títúnṣe láti Igbókòdá dé Ayétòrò ní agbègbè etí omi ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo ti gbọ́ ìráhùn yín pé owó adójútòfò ìlera ń gun òkè. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2025, NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, gbé owó tí ilé ìwòsàn ń gbà lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti náírà 750 sí 1,450. Oògùn ti wọ́n, owó àtijọ́ kò lè tọ́jú aláìsàn mọ́. Òfin ọdún 2022 sì ti sọ adójútòfò yìí di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tí orúkọ yín máa wà. Èyí ló ká mi lára jù. Káàdì tó ń júwe ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ kò wúlò fún aboyún tó ń rọbí lóru létí òkun, tó jẹ́ bọ́ọ̀tì ló máa gbé e. Ẹ mú èyí tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì fojú ara yín rí i pé nọ́ọ̀sì àti oògùn wà níbẹ̀.

Ẹ kó ara yín jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ lọ bá àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohùn ẹnì kan kéré. Bí ẹ bá ń yọ lára owó ọmọ iṣẹ́ fún adójútòfò, ẹ fún un ní rìsíìtì. Obìnrin tó ń yan ẹja fún yín, èéfín ń wọ àyà rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọjà bá dẹ̀, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú adójútòfò. Owó tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ ọjà Igbókòdá.