Èwo Ni A-Number Nínú Gbogbo Nọ́ńbà Yìí?

Ìbéèrè: Gríìn káàdì Amẹ́ríkà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Fọ́ọ̀mù ibiṣẹ́ ń béèrè A-Number, mi ò sì rí i lórí káàdì. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o! Ẹ wo iwájú káàdì, níbi tí wọ́n kọ “USCIS#” sí. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 9 yẹn gan-an ni. Lẹ́tà A nìkan ni wọn kò kọ síwájú rẹ̀. Bí ẹ bá gba káàdì tuntun lọ́jọ́ iwájú, kò ní yí padà.

Ẹ má ṣì í mú fún nọ́ńbà káàdì tó wà lẹ́yìn, tó ní lẹ́tà 3 àti díjíìtì 10. Ìyẹn máa ń yàtọ̀ láti káàdì dé káàdì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò káàdì yín ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp.