Bí Ẹ Bá Dé Ìjẹ̀bú, Ẹ Jẹ Ìkọ́kọrẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín bá rìnrìn àjò dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má sáré wá ìrẹsì tí ẹ ń jẹ nílé. Ẹ béèrè ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń fọwọ́ bù sínú ọbẹ̀ ata elépo tó ń hó, tòun ti ẹja gbígbẹ àti edé. Wọn kì í tètè rò ó, kí kókó rẹ̀ má baà fọ́. Ẹ jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Ẹni tí edé bá ń yọ lẹ́nu, kó tètè sọ. Ẹ kí ìyá olóúnjẹ dáadáa, ẹ bi í bó ṣe ń sè é. Owó oúnjẹ ńkọ́? Kí ẹ ti dá a jọ kí ẹ tó jókòó, ẹ má dì í ru ẹnì kan ṣoṣo.