Fóòmù Yàrá Àlejò àti Nọ́ọ̀sì Dúútì Alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó ṣí ìwé yín, ẹ bá mi ronú kan fóòmù méjì. Ọjọ́ kan náà la rà wọ́n, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, iye kan náà. Ọ̀kan wà ní yàrá Bàbá Àgbà, tí wọ́n ń sùn lé lóru, tí wọ́n tún ń jókòó lé lọ́sàn-án. Ìkejì wà ní yàrá àlejò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ti Bàbá ti jinkòtò láàárín. Ti yàrá àlejò, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, á tún ga sókè. Ta ló máa wá sọ pé ti Bàbá kì í ṣe ojúlówó?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́jọ́. Bí ọ̀kan bá jágbe mọ́ aboyún, a ní kò ní àmúmọ́ra. Mi ò gbèjà ẹni tó ń jágbe mọ́ aboyún o. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun tó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tẹ̀ kó sì padà sípò. Ẹ má pè é ní ìfaradà lásán. Òkúta náà ń fara dà á, àmọ́ òkúta kì í tẹ̀.

Ní 2003, Kathryn Connor àti Jonathan Davidson gbé ìbéèrè 25 jáde ní Amẹ́ríkà láti fi wọn nǹkan yìí. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba òdo sí 4, nítorí náà 100 ni èyí tó ga jù. Òṣùwọ̀n tó dáa ni. Àbùkù rẹ̀ lójú tèmi ni pé fóòmù ló ń wọ̀n. Kì í béèrè bí ẹni tó jókòó lé e ṣe wúwo tó.

Ẹ jẹ́ ká wọnú ara lọ. Lórí kíndìnrín yín kọ̀ọ̀kan, nǹkan kékeré kan jókòó bíi fìlà. Bí wàhálà bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí i, òun náà á da èròjà kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù á tú ṣúgà sílẹ̀, kí agbára lè wà. Bó bá ti tó, ọpọlọ kan náà ló máa mọ̀, á sì dá iṣẹ́ dúró. Ṣé ẹ mọ bí áyọ́ọ̀nù oníná ṣe máa ń paná ara rẹ̀ bó bá ti gbóná tó? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Áyọ́ọ̀nù tí wọn ò wá yọ kúrò lára iná láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ń kọ́? Ibi tó fi ń paná ara rẹ̀ á bàjẹ́. Ní 1993, Bruce McEwen àti Eliot Stellar ṣàlàyé pé ohun tó ń gbà wá lọ́jọ́ wàhálà yìí náà ló ń di ẹrù lára bí wàhálà ò bá dáwọ́ dúró.

Ẹ fi alẹ́ kún un. Aago kan wà nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló ń tò ó. Òun ló ń mú kọ́tísọ́ọ̀lù ga láàárọ̀, tó ń fà á wálẹ̀ lóru. Nọ́ọ̀sì dúútì alẹ́ ń bá aago yẹn jà ni. Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ nínú ìjà náà. Àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ló kọ́ mi ní ìṣirò yìí. Ká ní dírípù lítà kan gbọ́dọ̀ tán ní wákàtí 8, tí ẹ̀kán 20 sì jẹ́ mìlílítà kan. Ẹ fi 20 sọ 1000 di púpọ̀, kí ẹ fi 480, iye ìṣẹ́jú tó wà nínú wákàtí 8, pín in: nǹkan bí ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Ní aago mẹ́rin ìdájí, á gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà dírípù, á máa kà: méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún… Bẹ́ẹ̀dì kejì á pè é. Ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Bẹ́ẹ̀dì mélòó ló ń pè é? Ìbéèrè yìí ni Linda Aiken àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé lọ sí ọsibítù 168 ní Pennsylvania. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2002. Bí aláìsàn kan péré bá fi lé ti nọ́ọ̀sì kan, ewu pé kí iṣẹ́ tán an lókun ń fi 23 nínú 100 lé sí i. Ewu pé kí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kú láàárín ọjọ́ 30 ń fi 7 nínú 100 lé sí i. Ẹ má sáré kọjá níbí. Wọn ò béèrè ọkàn ta ló le. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kà. Ní California, òfin ò gbà kí nọ́ọ̀sì kan ní ju aláìsàn méjì lọ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù. Lọ́dọ̀ tiwa, bí nọ́ọ̀sì méjì bá jápa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀dì wọn kì í bá wọn wọ bàálù.

Christina Maslach, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí àárẹ̀ yìí, ní ohun mẹ́ta ló ń hàn: okun á tán, èèyàn á dà bí igi lójú ẹni, iṣẹ́ ẹni ò sì ní jọ iṣẹ́ mọ́. Èkejì ni àbúrò mi fi mọ̀ pé òun ti ń jinkòtò. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wọn, Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ń pè wọ́n, wọ́n sì jọ ń ṣeré. Lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: “Bẹ́ẹ̀dì kẹta, ó tún ti tọ̀ sára.” Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ti di “ó.”

Ọsibítù wọn ní kó wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìfaradà. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni wọ́n fi sí.

Mi ò ní kí ẹ fojú di fóòmù fúnra rẹ̀: ìgbàgbọ́ àbúrò mi wà níbẹ̀, ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó gbé e dìde, mo rí i lójú mi. Mátírọ́ọ̀nù wọn to dúútì alẹ́ rẹ̀ pọ̀, wọ́n wá fi ọjọ́ ìsinmi tẹ̀ lé e, dípò kó máa ṣe alẹ́ kan, ọ̀sán kan. Bí aláìsàn bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, mátírọ́ọ̀nù náà á kọ́kọ́ po tíì fún un, wọ́n á jókòó tì í, kí wọ́n tó béèrè ìwé àkọsílẹ̀. Nílé, ọkọ rẹ̀ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má baà tún aago inú ọpọlọ tò. Ó wá ku ẹ̀rọ ata ojúlé kejì. Ọkọ rẹ̀ lọ bẹ oníẹ̀rọ: bí ẹ bá ti rí bàtà funfun rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó di aago méjì kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Oníẹ̀rọ gbà. Ó ní àmọ́ ọjọ́ ọjà ò sí nínú àdéhùn o.